Ìgò Ojú Tẹlifíṣàn: Ìtàn Rẹ̀, Ìdánwò Rẹ̀ àti Ewu Inú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí rí, bóyá ní yàrá àgbàlagbà kan, bóyá lórí ààtàn. Tẹlifíṣàn àtijọ́ ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, tí ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni méjì ní láti gbé èyí tó bá tóbi nínú wọn. Bí ẹ bá ń rìn ní Oṣòdì, ní Ìsọlọ̀, ní Máfolúkù tàbí ní Èjìgbò, tí ẹ sì dé iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ lè rí irú rẹ̀ lórí ara wọn, tí eruku ti bò. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní pàǹtí ni. Ẹni tí ó mọ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé ìgò rẹ̀ ṣì dára?”

Àwọn baba wa máa ń wí pé, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohun tó wà lẹ́yìn ojú tẹlifíṣàn yìí ju àwòrán lọ. Ìgò kan ṣoṣo ni, láti ojú rẹ̀ tó fẹ̀ títí dé ọrùn rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Tíúbù ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Òfìfo ni inú rẹ̀, nítorí wọ́n ti fa gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde kí wọ́n tó dí i pa. Ní ọrùn rẹ̀ ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí iná ń mú gbóná títí yóò fi pọ́n bí ẹyin iná. Wáyà yìí ń mú irin kékeré kan gbóná, èyí tí a ń pè ní kátódù, tí a sì fi èròjà báríọ́mù kùn lójú. Bí kátódù bá ti gbóná tán, ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde lára rẹ̀ bí oyin tí ń jáde nínú ihò. Iná alágbára tó wà níwájú ni ó ń fà wọ́n sáré. Nínú tẹlifíṣàn dúdú-àti-funfun, iná náà lè tó 10,000 sí 15,000 fólìtì. Nínú tẹlifíṣàn aláwọ̀ ńlá, ó lè tó 25,000 fólìtì.

Ibo ni wọ́n ń sáré lọ? Ojú ìgò náà ni. Wọ́n ti fi ìyẹ̀fun kan ra inú rẹ̀, èyí tí ń tan ìmọ́lẹ̀ níbikíbi tí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù bá ti bà á. Wáyà bàbà tí a ká mọ́ ọrùn ìgò náà sì ń ṣe bí òòfà, òun ni ó ń darí wọn sọ́tùn-ún àti sósì, sókè àti sílẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa, ìlà 625 ni wọ́n ń fà lójú ìgò kí àwòrán kan tó pé, ìgbà 25 ni wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú wa kò lè bá eré náà, nítorí náà ni a ṣe ń rí ènìyàn tí ń rìn, tí ń jó, tí ń sọ̀rọ̀, níbi tí kò sí ju ìmọ́lẹ̀ tí ń sáré kiri lọ.

Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe irú ìgò yìí? Ọgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó para pọ̀. Ní nǹkan bí 1870 sí 1880, William Crookes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi iná sínú ìgò òfìfo láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ní 1895, Wilhelm Röntgen ní Jámánì ń dán irú ìgò bẹ́ẹ̀ wò, ó sì ṣàkíyèsí ìmọ́lẹ̀ àjèjì kan tí ń gba inú ẹran ara kọjá. Ìmọ́lẹ̀ náà ni àwọn dókítà fi ń yàwòrán egungun wa títí di òní. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún padà kàn án níwájú. Nígbà tí ó di 1897, Karl Ferdinand Braun ní ìlú Strasbourg, tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, ṣe ìgò tí ènìyàn lè fi rí bí iná mànàmáná ti ń lọ sókè sódò. Títí di òní ni àwọn ará Jámánì àti àwọn ará Japan ṣì ń fi orúkọ Braun pe ìgò yìí. Ní ọdún náà gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ́ irin ọkọ̀ ojú irin láti Ìddó lọ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, irin náà sì gba Oṣòdì kọjá. Ní 1901 ni ọkọ̀ náà dé Ìbàdàn. Ẹni tó rí irin náà nígbà yẹn kò lè mọ̀ pé nǹkan mìíràn ti ń bọ̀ láti òkèèrè tí yóò tún dé ẹnu ọ̀nà wa.

Braun kò ronú tẹlifíṣàn rárá. Àwọn mìíràn ni ó mú ìgò rẹ̀, tí wọ́n sì fi ṣe ohun tí òun kò rò. Ní 1907, Boris Rosing ní Rọ́ṣíà dábàá pé a lè fi ìgò náà gba àwòrán láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1926, Kenjiro Takayanagi ní Japan mú kí lẹ́tà kan nínú àwọn lẹ́tà èdè wọn hàn lójú ìgò náà. Ní 2 November 1936, BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán jáde déédéé láti Alexandra Palace ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà ni ogun dé, tí àwọn ọmọ ogun sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ìgò yìí wo ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rọ ráda nìyẹn.

Níhìn-ín ni ìtàn àlòtúnlò ìgò yìí ti gbóná. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ẹrù àwọn ọmọ ogun pọ̀ jọjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń tà á ní gbàǹjo. Lára rẹ̀ ni ìgò ráda kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ VCR97, tí ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì mẹ́fà lọ. Tẹlifíṣàn tuntun wọ́n nígbà náà, kò sí ní agbára òṣìṣẹ́ kékeré. Kí ni àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe? Wọ́n ra ìgò ráda, wọ́n jókòó nínú ilé wọn, wọ́n sì fi kan tẹlifíṣàn fúnra wọn. Àwọ̀ ewé ni àwòrán rẹ̀, ó sì kéré, ṣùgbọ́n àwòrán ni. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgò ọjà gbàǹjo ni ó dára, ni àwọn olùtajà bá ń polówó pé àwọn ti dán tiwọn wò, pé ó ń fi àwòrán hàn délẹ̀. Ìdánwò ni ó sọ iye tí ìgò kan jẹ́.

Ní ìlú Manchester, Frederic Williams àti Tom Kilburn rí i pé ojú irú ìgò bẹ́ẹ̀ lè fi àmì iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni kọ nǹkan sórí síléètì. Wọ́n sọ ọ́ di iyè kọ̀ǹpútà. Ní 21 June 1948, kọ̀ǹpútà wọn ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú iyè náà, òun ni ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ayé. Ní 1958, William Higinbotham ní Amẹ́ríkà fi ojú ìgò kékeré kan ṣe eré tẹníìsì fún àwọn àlejò tó wá wo ibi iṣẹ́ wọn. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ṣe nǹkan kọ́ ni ó máa ń mọ gbogbo ohun tí nǹkan náà lè ṣe?

Ẹ jẹ́ kí á wá sílé. Ní 31 October 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sahara. Ní 1960 ni ti Enugu tẹ̀lé e, ní 1962 sì ni ti Kàdúná àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Bí tẹlifíṣàn ti ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ tuntun kan yọ: iṣẹ́ àwọn tí ń tún un ṣe. Ọ̀gá kan, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, irin ìjólẹ́èdì, mítà kan, àti tábìlì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Láti ọwọ́ irú àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti kọ́ ohun tí iná mànàmáná jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọjà tòkúnbọ̀ dé. Bí àwọn ará òkè òkun ti ń pààrọ̀ tẹlifíṣàn àti kọ̀ǹpútà oníìgò sí èyí tó pẹlẹbẹ, èyí àtijọ́ ń gba orí omi bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èbúté Àpápá ni ó ń gúnlẹ̀ sí. Láti ibẹ̀, apá kan ń lọ sí ọjà Àlábà ní Ọjọ́, apá kan sì ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Oṣòdì wọ àárín ìlú. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò lè ra tuntun ni ó tipasẹ̀ ọjà yìí ní tẹlifíṣàn, a kò sì gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú oore náà. Ṣùgbọ́n nínú ẹrù yìí, mélòó ni ó ń ṣiṣẹ́?

Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà wá wo ọjà Èkó. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bí àpótí ẹrù ńlá 500 ní ń wọ Èkó lóṣooṣù, àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà níhìn-ín fúnra wọn sì sọ fún wọn pé ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà tí kò ṣe é tún ṣe. Ní 2009, ẹgbẹ́ Greenpeace àti ilé-iṣẹ́ ìròyìn Sky News sọ ìtàn tẹlifíṣàn kan. Wọ́n ti ba inú rẹ̀ jẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n fi ẹ̀rọ atọ́pasẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó ohun àlòkù jọ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ibẹ̀ ni pé kí wọ́n tú irú rẹ̀ palẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ọjà Àlábà ni wọ́n ti bá a. Ní 2015 àti 2016, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Basel Convention tó wà ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó. Nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ni wọ́n ní ó ń wọlé lọ́dún kan. Nígbà tí wọ́n tan àwọn ẹ̀rọ náà wò, ó kéré tán, 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣàkíyèsí pé ìdánwò náà kò le. Títàn ni wọ́n tàn án. Bí ẹni tó dì í sínú àpótí bá ti tàn án kí ó tó dì í, ìbá ti mọ̀. Ààtàn ní í gba ilẹ̀kílẹ̀. Èkó kì í ṣe ààtàn.

Báwo wá ni oníṣẹ́ ṣe ń dán ìgò wò? Mo ń ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ lè mọyì iṣẹ́ náà ni, kì í ṣe kí ọmọdé lọ ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣàn. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ni ó fi ń wò ó. Nínú ọrùn ìgò, àmì kan wà tí ń dán bí dígí. Èròjà tí ń gbé ìyókù atẹ́gùn mì ni. Bí àmì náà bá ti funfun bí wàrà, atẹ́gùn ti wọlé, ìgò náà ti kú, kò sí oògùn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fi mítà wò bóyá wáyà tí ń gbóná kò tíì já. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgò, 6.3 fólìtì ni wáyà yìí ń lò, ó sì gbọ́dọ̀ pọ́n dáradára. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń wò bóyá irin méjì tí kò yẹ kí ó kan ara wọn nínú ọrùn náà ti kan ara wọn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, ó ń fi ẹ̀rọ ìdánwò wọn agbára kátódù. Ìgò tuntun a máa tú ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù jáde yanturu, èyí tó ti gbó a máa kán an bí omi ẹ̀rọ tí kò lágbára.

Ọ̀gá tí kò ní ẹ̀rọ ìdánwò a máa lo ojú. Bí àwòrán bá pẹ́ kí ó tó yọ, tí ó ṣú, tí ibi tó yẹ kó funfun sì dà bí fàdákà tó dọ̀tí, kátódù ti ń rẹ̀ ẹ́. Ìgò aláwọ̀ ní kátódù mẹ́ta, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún àwọ̀ aró. Bí ti pupa bá rẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn inú àwòrán á máa rí bí ojú aláìsàn. Àwọn kan a máa gbìyànjú láti jí irú ìgò bẹ́ẹ̀ dìde: wọn a fi kún iná tí ń mú un gbóná fún ìgbà díẹ̀, kí ojú kátódù lè bó, kí tuntun lè yọ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ìgò náà á tún pẹ́ sí i. Nígbà mìíràn á kú lójú ẹsẹ̀.

Ewu ibẹ̀ ńkọ́? Mẹ́ta ni. Èkíní ni iná. Ìgò yìí lè fi iná pamọ́ sára lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì lè gbá ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Èkejì ni òfìfo inú rẹ̀. Atẹ́gùn ayé ń tẹ ojú ìgò náà ní bíi kílò kan lórí íwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà sí 30, ìwọ̀n tí ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ nǹkan bí 1,200 kílò, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì 24. Bí ó bá fọ́ lójijì, àfọ́kù rẹ̀ a máa fò bí ọfà.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù, nítorí kì í pariwo. Ẹ rántí ìmọ́lẹ̀ tí Röntgen rí. Ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù tí ń sáré nínú ìgò lè mú díẹ̀ nínú irú ìmọ́lẹ̀ náà jáde. Kí ó má bàa dé ara àwọn tí ń wo tẹlifíṣàn, àwọn tó ṣe ìgò da òjé pọ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀. Òjé inú ìgò aláwọ̀ kan lè ju kílò kan lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ìgò bá wà lódindi, òjé náà kò lè ṣe wá ní nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣa irin lórí ààtàn a máa fọ́ ìgò náà kí wọ́n lè yọ wáyà bàbà tó wà lọ́rùn rẹ̀, ọmọdé sì máa ń wà lára wọn. Nítorí bàbà tí kò tó nǹkan, wọn a fi òjé sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, níbi tí òjò yóò ti rìn ín. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá góòlù pa ọmọ tó lé ní 400. Ibi tí òjé ti wá yàtọ̀, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Orílẹ̀-èdè wa kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n bá májèlé òkèèrè ní Koko ní 1988, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ fún ààbò àyíká. Àjọ NESREA gba iṣẹ́ náà ní 2007, òfin lórí àwọn ẹ̀rọ iná sì jáde ní 2011, tí ó ka kíkó ẹ̀rọ tó ti kú wọlé léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè mọ ìgò tó kú yàtọ̀ sí èyí tó yè. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ni ó lè mọ̀ ọ́n.

Ìdí tún wà tí ìgò tó yè fi níyì lónìí. Sony, tó mú ìgò aláwọ̀ Trinitron jáde ní 1968, dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2008. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gé ọrùn ìgò àtijọ́, tí wọ́n ń fi kátódù tuntun sí i, ti ń ti ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fọ́ lónìí, ó ṣòro kí á tó rí arọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀rọ káàkiri ayé ń fi ìgò kékeré ṣe aago tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ń fi wo bí ohùn orin ti ń gbọ̀n, wọ́n sì ń fi ta eré àtijọ́, nítorí àwòrán kì í fi falẹ̀ lójú rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tó bá rí ohùn ara rẹ̀ tí ń gbọ̀n bí ejò lójú ìgò, níwájú olùkọ́ tó mọ iṣẹ́, kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá rí ìgò tẹlifíṣàn lórí ààtàn, ẹ má sọ ọ́ lókùúta, ẹ má fi ọwọ́ kan án. Ẹ sọ fún àgbà. Ẹ̀yin òbí, bí tẹlifíṣàn àtijọ́ yín bá kú, ẹ gbé e lódindi fún oníṣẹ́ tàbí fún àwọn tí ń tún ẹ̀rọ àlòkù lò, ẹ má ṣe gbé e fún ẹni tí yóò fọ́ ọ. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ kọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yín ní ìdánwò kí ẹ tó kọ́ ọ ní títà. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé bàbà ọrùn ìgò kò tó owó oògùn ọmọ kan ṣoṣo.